Kí ló dé tí ẹja rọ́bọ́ọ̀tì mi ń mi orí dípò kó lọ síwájú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní Àkúrẹ́, ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà. Mò ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Fóòmù ni mo fi gé ara rẹ̀, ó ga lọ́gbọọgba láti orí dé ìdí ìrù. Servo kan, ìyẹn ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí dé ibi tí a bá ní kó yí dé, ló ń ju ìrù, ìrù náà sì jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó le. Ẹ̀yìn ni mo gbé bátìrì sí, nítòsí servo. Ó ń ju ìrù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣóńṣó ìrù ń rìn tó 12 sẹ̀ǹtímítà láti ọ̀tún sí òsì, síbẹ̀ 10 sẹ̀ǹtímítà péré ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí rẹ̀ sì ń mì ṣáá. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yọ ìrù náà, kí n fi abẹ̀bẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sí i. Ṣé kí n gbọ́ tiwọn ni? Adágún ẹja àrọ̀ ni mo fẹ́ kó máa wọ̀, kó máa yẹ omi wò.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì yọ ìrù yẹn. Ìwọ̀n mẹ́ta tí o kọ ránṣẹ́ ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn mí, bí mi ò tiẹ̀ tíì fojú kan rọ́bọ́ọ̀tì náà. Mú iye ìgbà tí ìrù ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fi bí ṣóńṣó ìrù ṣe ń rìn jìnnà tó sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá fi eré tí ẹja náà ń sá pín in. Tìrẹ jẹ́ 1 lọ́nà 12, tí a pín sí 10. Ó di 1.2. Nọ́ńbà Strouhal ni wọ́n ń pè é. Vincenc Strouhal jẹ́ onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Czech, ìwé tó kọ ní 1878 lórí bí wáyà ṣe ń dún nínú afẹ́fẹ́ ni nọ́ńbà yìí ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Michael Triantafyllou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àárín 0.2 sí 0.4 ni nọ́ńbà yìí máa ń wà lára ẹja àti ẹranko inú omi tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, ì báà jẹ́ ẹja kékeré, ì báà jẹ́ dọ́lífíìnì. Nígbà tó di 2003, àwọn mìíràn rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ẹyẹ àti àdán tó ń fò. Tìrẹ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 0.4.

Ohun tí 1.2 ń sọ ni pé ìrù rẹ ń gbá omi sí ẹ̀gbẹ́ ju bó ṣe ń tì í sẹ́yìn lọ. Nígbà tí ìrù ẹja bá dé òpin ọ̀tún tó fẹ́ yíjú padà, ó máa ń já omi kan tó ń yí po sílẹ̀. Tó bá dé òpin òsì, á tún já òmíràn sílẹ̀, èyí á sì máa yí sí òdìkejì ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́tùn-ún lósì, omi tó wà láàárín wọn á máa sáré sẹ́yìn. Omi tó ń sáré sẹ́yìn yẹn ló ń ti ẹja síwájú. Bí ìjù ìrù bá fẹ̀ jù, tí ara kò sì kúrò lójú kan, àwọn omi tó ń yí po yìí á jìnnà síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́, agbára bátìrì rẹ á sì parí sínú omi tó ń ru gùdù.

O lè fi ojú ara rẹ rí i. Da omi sínú àgbá tàbí ọpọ́n ńlá, jẹ́ kó tòrò. Po búlúù ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ omi, fi ṣíríǹjì tú u díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ìrù bí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń ju ìrù, kí o sì gbé fóònù sókè ọpọ́n kó máa ya fídíò lọ́nà tó ń falẹ̀. Tí o bá wo fídíò náà, wàá rí ìlà búlúù méjì tó ń ká sínú ara wọn. Tí búlúù tó wà láàárín bá ń lọ sẹ́yìn tààrà, ìrù ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń pín sọ́tùn-ún sósì, wàá mọ ibi tí agbára ń gbà sọnù. Fi rúlà sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n kí o lè máa ka ìwọ̀n lójú fídíò kan náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń ṣì nọ́ńbà Strouhal lò, torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé ọ: kì í ṣe ohun tí o lè yàn látinú kọ̀ǹpútà. O lè yan iye ìgbà tí ìrù ń lọ àti bí ìjù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àmọ́ omi ló máa sọ iye eré tí wàá rí. Bí ara rọ́bọ́ọ̀tì bá rí págunpàgun, tí wáyà yọ síta, tí imú rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, omi á dá a dúró, nọ́ńbà náà á sì ga. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ: kí o dín ohun tó ń fa ara sẹ́yìn kù, kí o sì mú ìrù gbọ́n.

Ara ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ra Titus kan lọ́jà, odindi ni kí wọ́n fún ọ, má jẹ́ kí wọ́n gé e. Mọ̀lẹ́bí tuna ni, tuna sì ni ẹja tí àwọn onírọ́bọ́ọ̀tì ń tẹjú mọ́ jù. Gbé e sórí tábìlì kí o fara balẹ̀ wò ó. Iwájú rẹ̀ ló nípọn, láti àárín lọ sẹ́yìn ó ń tín-ín-rín, títí tí ìdí ìrù fi kéré débi pé ọmọ-ìka rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Níbi tó ti tín-ín-rín tán ni ìrù ti wá là sí méjì, tó ga, tó sì gan. Fi ìka mú ìdí ìrù yẹn: tì í sọ́tùn-ún sósì, á tẹ̀, tì í sókè sódò, kò ní gbà fún ọ. Wò lókè àti nísàlẹ̀ ìdí ìrù, wàá rí àwọn lẹbẹ́ kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Wá gbé ẹja àrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí pẹrẹsẹ, lẹbẹ́ gígùn lórí ẹ̀yìn látẹ̀yìn orí dé itòsí ìrù, ìrù tó rí roboto, ìdí ìrù tí kò tín-ín-rín rárá. Àrọ̀ lè yí padà nínú ẹrẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ó sì lè fò lójijì, àmọ́ kò lè bá Titus rin ìrìn ọ̀nà jíjìn. Ara rọ́bọ́ọ̀tì rẹ tó ga lọ́gbọọgba jọ ti àrọ̀, o sì fẹ́ kó rìn bí Titus.

James Lighthill, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdí ìrù yìí ní nǹkan bí 1970. Gbogbo ìgbà tí ìrù bá gbá omi sọ́tùn-ún, omi náà á gbá ìrù padà sósì, ìyẹn á sì fẹ́ yí gbogbo ara ká, kí orí máa mì. Bí ìdí ìrù bá tín-ín-rín, ibẹ̀ kò ní gbá omi púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìgbáyíká náà á dín kù. Bí iwájú bá sì ga tó wúwo, omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di ara mú, orí kò ní rọrùn láti mì. Rọ́bọ́ọ̀tì tìrẹ ga ní ìdí ìrù, ó fúyẹ́ níwájú, bátìrì sì wà lẹ́yìn. Kò sí bí orí rẹ̀ kò ṣe ní mì. Gbé bátìrì síwájú, sí ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ ara. Gé fóòmù ìdí ìrù kù títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó tó 3 sẹ̀ǹtímítà ní gíga. Fi lẹbẹ́ kan sórí ẹ̀yìn àti ọ̀kan sí abẹ́ ikùn, sí ọwọ́ iwájú. Mo rò pé nǹkan mẹ́ta yìí nìkan á dín orí mímì kù kí o tó fọwọ́ kan servo.

Ó wá ku ìrù. Ibí yìí ni ẹja ti ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ibẹ̀ náà ni ọkàn mi wà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2006, David Beal, Triantafyllou, James Liao, George Lauder àti ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde tí mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹja rọ́bọ́ọ̀tì ronú lé lórí. Wọ́n gbé òpó kan sínú omi tó ń ṣàn. Lẹ́yìn òpó, omi máa ń yí po lọ́tùn-ún lósì, bí o ti lè rí i lẹ́yìn òpó afárá nígbà tí odò bá kún. Wọ́n wá so òkú ẹja trout mọ́ okùn tí kò nà tán, wọ́n fi í sẹ́yìn òpó náà. Òkú ẹja yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀, kò sí iṣan tó ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú àwọn omi tó ń yí po, okùn tó dè é dẹ̀, ẹja náà sì lọ síwájú, ó dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀. Ìrísí ara rẹ̀ àti bí ara náà ṣe rọ̀ tó ló gba agbára lára omi. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2003, Liao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọn iṣan trout tó wà láàyè níbi tó sá pamọ́ sẹ́yìn òpó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé iṣan rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Torí náà, tí o bá ń yàwòrán ẹja rọ́bọ́ọ̀tì, omi wà lára ẹ̀rọ náà. Ìrù tó le gbagidi bíi tìrẹ kò gbọ́ ohun tí omi ń sọ. Servo ní kó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún ní odindi lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ẹja, ìdí ìrù ló máa kọ́kọ́ yíjú, ṣóńṣó rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ara á sì máa ru bí ìgbì láti iwájú sẹ́yìn. Ìgbì yẹn gbọ́dọ̀ máa sáré sẹ́yìn ju bí ẹja ṣe ń sáré síwájú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ti omi kankan. Kò dìgbà tí o bá ní servo mẹ́fà kí o tó rí irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ìrù tó rọ̀ níwọ̀n á dá a ṣe fúnra rẹ̀, servo kan ṣoṣo sì tó o.

Níwọ̀n wo wá ni? Ronú nípa gángan. Bí àyàn bá fi apá há ìlù mọ́ra, ọṣán á fún, ohùn á lọ sókè; bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹja ń ṣe sí ìrù rẹ̀: bó bá fẹ́ sáré, á fún iṣan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ìrù á gan, bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á dẹ̀ wọ́n. Ní 2021, Dan Quinn àti Qiang Zhong ní Yunifásítì Virginia ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó ní okùn kan nínú ìrù tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń fún tó sì ń dẹ̀ bí eré bá ti ń yí padà. Agbára tí rọ́bọ́ọ̀tì náà ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì, tí a bá fi wé ìgbà tí líle ìrù rẹ̀ wà lójú kan. Ìṣirò wọn fi hàn pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, fífún ìrù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Kò pọn dandan kí o ṣe okùn tó ń fún tó sì ń dẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o gé ìrù púpọ̀, ìrísí kan náà, líle ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ike kẹ́ẹ̀gì le gan-an, ìdérí fáìlì ike rọ̀ díẹ̀, rọ́bà tíúbù rọ̀ jù, o sì lè lẹ ike fáìlì méjì pọ̀ kó le sí i. Dín ìjù ìrù kù sí 8 sẹ̀ǹtímítà, nítorí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn ara ni ẹja máa ń lò. Fi eré ìrù sí ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o sì kọ eré tí rọ́bọ́ọ̀tì sá fún ìrù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìrù tó dára jù ní ẹ̀ẹ̀kan kò ní jẹ́ èyí tó dára jù ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwòrán tó fi èyí hàn á níye lórí nínú ìwé iṣẹ́ rẹ ju rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára servo rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń lò tó 0.2 ìṣẹ́jú àáyá láti yí 60 dígírì láìsí ẹrù, omi á sì tún mú kó falẹ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ẹ̀mẹta má wọlé fún un.

Èsì wo ni kí o retí? Richard Bainbridge ní Cambridge wọn èyí lára ẹja ní 1958: ẹja tó bá ń sáré dáadáa máa ń lọ tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá gígùn ara rẹ̀ ní ìjù ìrù kan. Fún 40 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn jẹ́ 28. Tìrẹ ń lọ 10. Bí o bá rí 20 ní ìjù kan, tí ìrù ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, eré rẹ á di 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá, nọ́ńbà Strouhal rẹ á sì bọ́ sí 0.4 gan-an. Inú mi á dùn sí ìyẹn púpọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ, ó ní ìdí tó fi sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tààrà tó jìn ni rọ́bọ́ọ̀tì fẹ́ máa rìn nínú omi tó mọ́, abẹ̀bẹ̀ rọrùn láti ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ẹja ní agbára ìyanu. Ní 1936, James Gray, onímọ̀ nípa ẹranko ará Ìlú Ọba, ṣírò pé agbára tí dọ́lífíìnì nílò láti sáré bó ṣe ń sáré ju ohun tí iṣan rẹ̀ lè pèsè lọ ní ìlọ́po méje. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi ń wá àṣírí awọ dọ́lífíìnì, kó tó wá hàn pé iṣan rẹ̀ ló lágbára ju bí Gray ṣe rò lọ. Àmọ́ nínú adágún àrọ̀, koríko, ọ̀rá àti àwọ̀n máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ sì lè gé ọmọ ẹja. Ibẹ̀ ni ìrù ti borí, mo sì rò pé ìyẹn ni kí o kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kí olùkọ́ rẹ lè rí ìdí rẹ.

Ìrù kì í sì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ falẹ̀. Hilary Bart-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Virginia, pẹ̀lú Lauder ní Harvard, gbé ẹja rọ́bọ́ọ̀tì Tunabot jáde ní 2019. Nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà ni gígùn rẹ̀, ó ń ju ìrù dé ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń lọ ní ìlọ́po mẹ́rin gígùn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ṣírò pé pẹ̀lú bátìrì 10 wáàtì-wákàtí, ó lè rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án ní 0.4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn mìíràn kò wá eré rárá. SoFi, ẹja rọ́bọ́ọ̀tì tí Robert Katzschmann, Daniela Rus àti ẹgbẹ́ wọn ní MIT gbé wọ òkun Fiji, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2018, ní ìrù sílíkóònù tí páǹpù ń ti omi sínú ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Ìdajì gígùn ara rẹ̀ péré ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, àmọ́ ó lúwẹ̀ẹ́ sáàárín ẹja láìdẹ́rù bà wọ́n, ó sì lọ sísàlẹ̀ dé 18 mítà. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ẹja kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí o gbàgbé tí o bá gboyè tán. Gymnarchus niloticus wà nínú odò àti ọ̀sà tiwa, ẹja gígùn tí kò ní lẹbẹ́ ìrù, tí lẹbẹ́ kan ṣoṣo na gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ máa ń dúró gbọnrangandan, lẹbẹ́ yẹn nìkan ló ń ru bí ìgbì, tí ìgbì bá sì yíjú padà, ẹja á rìn sẹ́yìn bó ṣe ń rìn síwájú. Hans Lissmann, onímọ̀ nípa ẹranko, kíyè sí i pé kì í kọ lu nǹkan bó bá ń fà sẹ́yìn, ní 1951 ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹja náà ń tú iná mànàmáná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jáde láti ìrù, èyí tó fi ń mọ ohun tó yí i ká nínú omi dúdú. Malcolm MacIver ní Northwestern, ní Amẹ́ríkà, ti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ látara ẹja Amazon kan tí lẹbẹ́ tirẹ̀ wà lábẹ́ ikùn. Ẹ́ńjìnnì kékeré 32 ló ń ru lẹbẹ́ náà, torí náà má fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ó wù mí gan-an kí ẹnì kan níbí ṣe ti Gymnarchus, torí àwa la ní in nítòsí láti máa wò.

Ní ti adágún, fi òróró kún inú àpótí servo kí omi má baà ráyè wọlé, kí o sì jẹ́ kí ìwúwo rọ́bọ́ọ̀tì bá omi tó ń gba ipò rẹ̀ mu: bí ara rẹ̀ bá gba lítà kan àti ààbọ̀, kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ ni kó wúwo. Òjé lábẹ́ ikùn, fóòmù lókè, kó má baà dojú dé. Má náwó sórí kámẹ́rà. Omi adágún àrọ̀ dúdú jù. Wi-Fi àti Bluetooth kì í rìn jìnnà nínú omi, ìdí nìyẹn tí SoFi fi ń lo ìró. Jẹ́ kí tìrẹ máa kọ ohun tó wọ̀n sórí mẹ́mórì káàdì, kó wá máa gòkè wá fi ránṣẹ́. Ìgbóná omi àti afẹ́fẹ́ tó yòrò sínú rẹ̀ ni kó máa wọ̀n. Àrọ̀ tó ti dàgbà lè gbé ẹnu sókè mí, àmọ́ ọmọ àrọ̀ wẹ́wẹ́ kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi sì máa ń kéré jù kí oòrùn tó yọ. Ìdájí ni kí o jẹ́ kó máa wọ omi.